Ìmọ̀ tó bá àwọn àgbà wọlẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀ròyìn tó kọ nípa àwọn àgbà mẹ́ta tó papòdà láàárín oṣù kan ní abúlé olóko kòkó kan nítòsí Àkúrẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò fi mọ sórí ọjọ́ orí àti iye ọmọ tí wọ́n bí. Ó sọ ti ìyá tí gbogbo abúlé máa ń sáré pè bí aboyún bá ń rọbí lóru, àti ti bàbá tó mọ ààlà oko kọ̀ọ̀kan láti ìdí pèrègún dé etí odò. Nígbà tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ kú ní oko tiwa lọ́nà Ìdànrè, ìdílé méjì fa oko kòkó kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Lóòótọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1992 sọ ọ́ di dandan pé kí a fi orúkọ ẹni tó kú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n orí aṣọ ẹbí àti àwòrán ńlá ni àwa ń náwó sí (èmi náà wà níbẹ̀). Mo bẹ akọ̀ròyìn náà kí ó padà lọ bá àgbà onílù tó sọ̀rọ̀ nínú ìròyìn yìí, kí ó gba ohùn bàbá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀.