Ẹran tí wọ́n dú kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́

Ní Dei-Dei, l'Ábújá níbí, tí ẹ bá tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn alápatà láàárọ̀, ẹ ó rí ẹran tí wọ́n ti bó, tó wà lórí tábìlì, tó ṣì ń gbọ̀n fìrìfìrì. Mo gbọ́ tí ìyá kan ń sọ fún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ pé, "Má bẹ̀rù, ó ti kú, kò sóhun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ mọ́." Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ nìyẹn: ẹ̀mí bọ́, gbogbo iṣẹ́ inú ara sì dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Màlúù ti kú lóòótọ́, àmọ́ ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yá nínú sẹ́ẹ̀lì (àwọn yàrá tíntìntín tó para pọ̀ di ara), kò dúró de ẹ̀mí kó tó ṣiṣẹ́.

Núkílíọ́sì, kókó inú sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA, okùn tó gbé àbùdá, wà, ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n dájú, torí òun ni iṣẹ́ mi. A ó gba ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ lọ́wọ́ alápatà kó tó tutù, a ó tì í sínú yìnyín kíá, a ó lọ̀ ọ́ nínú omi ṣúgà. A ó wá rọra dà á lé omi ṣúgà mìíràn tó ki bí oyin, a ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bí òkòtó. Núkílíọ́sì ló wúwo, òun ló máa rì dé ìsàlẹ̀, bí ìdì funfun kékeré. Ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un o! Tó bá bẹ́, DNA á tú jáde, gbogbo rẹ̀ á máa fà bí ọbẹ̀ ilá, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kò sí ewúrẹ́ mọ́, kò sí ẹ̀dọ̀, sẹ́ẹ̀lì pàápàá ti fọ́. Síbẹ̀, tí a bá fún núkílíọ́sì yìí ní ATP (èròjà tó ń gbé agbára fún iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì) àti magnesium díẹ̀, tí a jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ tó ń jẹ́ kinase á já fọ́sífétì, ègé kékeré kan, lára ATP, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ purotéènì, títí kan histone tí DNA wé mọ́. Àwọn mìíràn, phosphatase, á máa ṣí i kúrò. Ìdí tí a fi ń sáré nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ tó bá jókòó sínú oòrùn fún wákàtí méjì, àmì fọ́sífétì ara rẹ̀ ti yí padà. Yìnyín kì í pa ẹ́ńsáìmù, ṣe ló ń fà á sẹ́yìn.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Edmond Fischer àti Edwin Krebs, ló kọ́kọ́ fi hàn ní Seattle, l'Amẹ́ríkà, ní 1955, pé fọ́sífétì lè jí ẹ́ńsáìmù dìde. Inú omi tí wọ́n fún lára iṣan ehoro tó ti kú ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992. (Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńsáìmù ni fọ́sífétì ń jí; ó ń mú àwọn kan sùn.)

Ẹran tó ń gbọ̀n lójú ọmọ yẹn, ATP ló ṣì kù nínú iṣan rẹ̀. Nígbà tí ATP bá tán, iṣan á di ara wọn mú, wọn ò sì ní lè jọ̀wọ́ ara wọn. Ìgbà náà ni ẹran á gan.