A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Wo onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ pa orí oníbàárà, ó bi í bóyá kí òun dá díẹ̀ sí níwájú, ó sì gbọ́ èsì kí abẹ tó kan irun. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Àbúrò mi, o ní ẹ̀kọ́ ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera lo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ayé rẹ, àwọn ará ilé sì ń béèrè bóyá dókítà ni ọ́ tàbí lọ́yà. Sọ fún wọn pé ìwọ lo fẹ́ máa wò ó bóyá olórí wà níjokòó kí wọ́n tó yọ abẹ.

Lọ́jọ́ kan, mo bá àwọn olùwádìí kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Mákòkó láti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún. Ìwé ìyọ̀ǹda wa jẹ́ ojú ewé mẹ́rin, èdè Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀, Ègùn sì ni àwọn tó gbà wá lálejò ń sọ. Ìyàwó kan tó ń yan ẹja tẹ̀ka síbi tí mo nawọ́ sí. Bó ṣe ń nu tàdáwà kúrò ní àtàǹpàkò rẹ̀, ó ní kí ọmọ òun bi mí pé ọjọ́ wo la máa padà wá sọ ohun tí a bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Mo ní láìpẹ́. A ò padà. Ìwé wa pé, òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwà ẹ̀tọ́ ìwádìí wò wà lára rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn olórí la ti fá orí yẹn. Ó ṣì ń dùn mí.

Láti 1932 di 1972, ní Tuskegee ní Amẹ́ríkà, ìjọba kàn ń ṣọ́ bí àrùn ṣe ń ṣe ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 tó ní sífílíìsì láìsọ orúkọ àrùn náà fún wọn. Nígbà tí pẹnisílíìnì ti di oògùn rẹ̀ kárí ayé, wọn ò fún wọn. Ìtìjú yẹn wà lára ohun tó bí Ìròyìn Belmont ti 1979, ìwé ìlànà Amẹ́ríkà fún ìwádìí tí a ń fi ènìyàn ṣe, tó ní ká bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ká ṣe é lóore, ká sì pín ẹrù àti èrè bó ti yẹ. Ẹ̀kẹta ni kí o di mú. Ọ̀dọ̀ ta ni abẹ́rẹ́ máa ń lọ nígbà gbogbo? Bí oògùn bá jáde, ta ló lówó rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà wà nílé pẹ̀lú. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó. Ní 1928, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Lóòótọ́, àwọn agboolé há, gọ́tà sì ń rùn; ẹni tó bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn ará Èkó. Ṣùgbọ́n ní 1955, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun mọ́ tónítóní. Ìyá àgbà tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ ti jìnnà, oníbàárà àtijọ́ ò mọ̀nà ibẹ̀, owó ọkọ̀ padà sí Ìdúmọ̀tà sì ń jẹ èrè ọjà. Àwọn tó ka yàrá gbàgbé láti ka ẹbí.

Wọ́n á fi 2014 bá ọ jiyàn. Nígbà Ebola, Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ kí aláìsàn tó ti òkèèrè dé kúrò nílé ìwòsàn ní Ọbáléńdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà ń fapá jánú. Àrùn náà pa dókítà fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú. Ohun tó bá ojú ló bá imú; ìgbà mìíràn wà tí orí kan kì í ṣe ti ẹni tó gbé e nìkan. Àmọ́ ojúkojú ni dókítà náà ti sọ ọ́ fún aláìsàn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì fara gbá ewu náà.

Nítorí náà, kí o tó kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ sílẹ̀, wá ọmọ Mákòkó kan tó gbọ́ Ègùn dáadáa, tó sì lè wí fún ọ pé ìbéèrè rẹ kò bójú mu. San owó iṣẹ́ rẹ̀ bí o ti ń san ti akọ̀wé. Kí o sì ti ya owó ọkọ̀ ojú omi tí o máa fi padà lọ jábọ̀ sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní.