Kirby kì í ṣe ayàwòrán lásán

Àwọn kan máa ń sọ pé nínú àwọn ìwé ìtàn alàwòrán ti Marvel, ilé iṣẹ́ ìwé kan ní Amẹ́ríkà, Stan Lee ló ń kọ ìtàn, tí Jack Kirby kàn ń yà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ní Marvel lẹ́yìn ọdún 1960, àwọn méjèèjì á jọ sọ ìtàn ní ṣókí. Kirby á wá fi pẹ́ńsù ya gbogbo ojú ìwé, á pín in sí àpótí-àpótí, á sì kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí etí bébà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Lee tó máa fi ọ̀rọ̀ sí àwọn ẹ̀dá ìtàn lẹ́nu. Silver Surfer, ẹ̀dá ìtàn kan tó jáde nínú ìwé Fantastic Four ẹlẹ́ẹ̀kejìdínláàádọ́ta (48) lọ́dún 1966, kò tiẹ̀ sí nínú ohun tí wọ́n jọ sọ. Kirby ló dá a yà.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó ń fi tàdáwà tọ ojú pẹ́ńsù. Tí ẹ bá rí i tí ẹ̀yìn àwòrán inú ìwé Thor tí Kirby yà ṣófo, ẹ má dá Kirby lẹ́bi: Vince Colletta, tó ń fi tàdáwà tọ̀ ọ́, a máa fi ìrésà pa èèyàn àti ilé rẹ́ kí iṣẹ́ lè tètè parí. Ní ti Joe Sinnott, tí òun náà ń fi tàdáwà tọ ojú pẹ́ńsù Kirby, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an.