Ológbò Yìí, Ta Ló Rán Ọ Níṣẹ́ Ọdẹ?

Mo jí láàárọ̀, mo ń fẹsẹ̀ wá bàtà nínú òkùnkùn, ni mo bá tẹ nǹkan tútù kan. Eku ni. Eku tí kò lórí! Orí ńkọ́? Ẹ má bi mí.

Bí ológbò mi bá tiẹ̀ ń pa wọ́n tán kó tó gbé wọn wọlé, ǹ bá dákẹ́. Rárá o. Láàyè ló máa gbé e wá, á tú u sílẹ̀ láàárín pálọ̀, á gbá a síbí, á gbá a sọ́hùn-ún. Tí eku bá wá ráyè kó sábẹ́ àga, ọ̀gá á jókòó, á máa lá ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni màá wá di ológbò, tí màá dọ̀bálẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀ ní aago 5 ìdájí.

Ẹ má sì sọ pé ebi ló ń pa á. Ó yó bámúbámú! Ológbò tó yó náà ń ṣọdẹ. Ohun tó bá ṣáà ti ń sáré lójú rẹ̀ ti tó. Ti aláǹgbá tiẹ̀ burú jù: aláǹgbá á sá lọ, ìrù rẹ̀ tó já á ṣì máa jó lórí ilẹ̀ mi. Mo so ṣaworo mọ́ ológbò yìí lọ́rùn kí àwọn ẹyẹ lè máa gbọ́ ọ. Ó ti kọ́ ìrìn tí ṣaworo kì í fi í dún.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, á wá tẹjú mọ́ mi bí ẹni ń retí ọpẹ́. Ọpẹ́ kẹ̀?