Ẹ̀yin dókítà, kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ló ń fẹ́ àńtíbáyótíìkì o!

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, máa sọ ọ́ lónìí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ń sọ lórí rédíò pé oògùn ò ran kòkòrò mọ́ ní Nàìjíríà, àwa aráàlú ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, pé à ń ra àńtíbáyótíìkì ní kẹ́míìsì bí ẹni ń ra bisikíìtì, pé a kì í lò ó tán. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ ta ló kọ́ wa? Ìyá tó ń ta ẹ̀pà ládùúgbò wa, ṣé ó dédé mọ orúkọ Augmentin, àńtíbáyótíìkì yẹn, ni? Dókítà ló kọ́kọ́ kọ ọ́ fún un nígbà tí imú ọmọ ẹ̀ ń ṣàn, ara ọmọ yá, ara ọmọ ọ̀hún ì bá sì yá náà ká ní kò lo nǹkan kan, ló bá di pé tí imú bá ti ń ṣàn, ó di kẹ́míìsì.

Mo gbé ọmọ tèmi náà lọ sí ọsibítù àdúgbò. Ara ẹ̀ gbóná díẹ̀, imú ń ṣàn, ó ń wúkọ́. Dókítà ò wo ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, kò gbọ́ àyà ẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù dáadáa tó ti ń kọ̀wé lọ ràì: oògùn ibà, Augmentin olómi, Flagyl, fítámìn, àti abẹ́rẹ́ ceftriaxone, àńtíbáyótíìkì tó lágbára, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ceftriaxone! Fún ọ̀fìnkìn! Mo ní dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi fẹ́ gún un, ó ní "màdáámù, ẹ jẹ́ ká ṣáà fún un, kó má lọ di nǹkan míì." Nǹkan míì bíi kí ni? Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, àńtíbáyótíìkì ò sì rí fáírọ́ọ̀sì ṣe rárá, bakitéríà ló ń pa, wọ́n kọ́ ọ ní iléèwé ìṣègùn, èmi kọ́ ló yẹ kí n máa rán ẹ létí. Láti 2017 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti pín àwọn àńtíbáyótíìkì sí ọ̀nà mẹ́ta, ceftriaxone àti cipro (ciprofloxacin) wà lára àwọn tí wọ́n ní ká máa ṣọ́ lò gidi gan-an.

Ti "màléríà àti tàífọ́ọ̀dì" ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. Gbogbo ẹni tó bá ti sọ pé ó rẹ òun, Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá tàífọ́ọ̀dì! Láàbù á kọ 1/160 sórí pépà pélébé kan, ó parí, o ti ní tàífọ́ọ̀dì nìyẹn, gba cipro. Ẹni tó ti ṣàìsàn yẹn rí tẹ́lẹ̀, Widal lè sọ pé ó ṣì ní in. Ẹni tó gba àjẹsára ẹ̀, Widal lè sọ pé ó ní in. Kódà ibà ẹ̀fọn lásán lè mú kó jáde bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n gbìn ín ní láàbù wò bóyá kòkòrò ọ̀hún á hù, ìyẹn ló ń fi hàn lóòótọ́, àmọ́ ó ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan, owó ẹ̀ sì pọ̀, wọn kì í fẹ́ dúró. Ẹ wá fi kún un pé ọ̀pọ̀ ọsibítù aládàáni, dókítà tó ń kọ oògùn náà ló ń tà á níbi kántà iwájú. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa, Augmentin tí owó ẹ̀ ti fò sókè látìgbà tí GSK, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, ti kó ẹrù wọn kúrò ní Nàìjíríà ní 2023, ta ló ń jèrè ẹ̀?

Gbogbo ìgbà tí a bá lò ó láìnídìí, àwọn bakitéríà tí ò lágbára ló ń kú, àwọn olórí kunkun á ṣẹ́kù, wọ́n á máa bí sí i, wọ́n á sì máa ran ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n fojú bù ú pé ní 2019 nìkan, nǹkan bí 64,500 èèyàn ló kú ní Nàìjíríà torí kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́. Ìjọba ti kọ ètò sílẹ̀ lórí ẹ̀ láti 2017, ètò dáa lórí pépà o, àmọ́ ta ló ń wo ohun tí dókítà ń kọ?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2014, Sally Davies tó jẹ́ ọ̀gá àgbà dókítà ìjọba wọn nígbà yẹn kọ lẹ́tà sí àwọn dókítà ìdílé tí ibi iṣẹ́ wọn wà lára ìdá 20 nínú 100 tó ń kọ àńtíbáyótíìkì jù. Kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn sọ fún wọn pé 80 nínú 100 àwọn ẹgbẹ́ yín lágbègbè yín ni kì í kọ ọ́ tó tiyín. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìwé oògùn tó dín kù lé ní 73,000. Lẹ́tà lásán! Àmọ́ ó ṣeé ṣe torí pé NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ní àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn dókítà ń kọ. Tiwa ńkọ́? Ìwé tí dókítà yẹn kọ fún ọmọ mi, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó kọ ọ́.

Wọ́n á ní àwa aláìsàn la máa ń fúngun mọ́ wọn, pé tí wọn ò bá fún wa lóògùn, a ó ní dókítà yẹn ò mọ nǹkan kan. Ó dáa, ẹ ṣàlàyé fún wa! Ẹ jókòó, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún bá mi sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ àńtíbáyótíìkì fún ọmọ mi, ẹ sọ kòkòrò tẹ́ ẹ fẹ́ fi pa fún mi. Tó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ àmì tí mo bá rí tí mo fi gbọ́dọ̀ tètè gbé e padà wá, máa sanwó yín pé, máa sì gbé ọmọ mi lọ sílé.