Ẹ Lọ Gba Àjọ Yín Kó Tó Rù

Nígbà tí bàbá mi jáde láyé ní 2022, póíǹtì kírẹ́díìtì káàdì tó wà nínú àkáǹtì mi ní Amẹ́ríkà níbí lé ní 90,000. Mo mọ iye rẹ̀ dáadáa, torí alaalẹ́ ni mo máa ń ṣí áàpù báǹkì náà wò, bí ọmọdé tó ń mi kóló rẹ̀ kó lè gbọ́ bí owó ṣe ń dún nínú rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀ bọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kó pé 200,000, kí èmi, bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ wa méjèèjì lè jọ lọ sí Ìkirè lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tíì pé nígbà tí ìpè wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo fi póíǹtì náà gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ẹyọ kan, èmi nìkan ni mo lọ sìnkú. Àkọ́bí mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà yẹn, bàbá mi ò sì fọwọ́ kàn án rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ lókè òkun, tí òbí yín ṣì wà láyé nílé: ẹ má tọ́jú póíǹtì pa mọ́. Ẹ ná an. Ẹ fi gbé àwọn ọmọ yẹn lọ bá àwọn tó bí yín. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ìyókù ni bí a ṣe ṣe é àti ohun tí ojú mi rí.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ṣókùnkùn sí: báǹkì tó fún ọ ní kírẹ́díìtì káàdì máa ń kọ póíǹtì sílẹ̀ fún ọ lórí owó tó o bá ná. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà ní tiwọn, òun ni wọ́n ń pè ní máìlì. Ọ̀pọ̀ póíǹtì báǹkì ló ṣeé kó lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kó di máìlì, kó o sì fi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Owó orí àti àwọn owó mìíràn tí wọ́n ń kó lé e lórí nìkan ni wàá fi owó gidi san.

Ṣùgbọ́n mi ò ka póíǹtì sí owó. Àjọ ni. Àwọn ìyá wa tó ń dá àjọ ojoojúmọ́ lọ́jà mọ̀ pé alájọ máa mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, kò sí àbòsí níbẹ̀, wọ́n ti jọ fẹnu kò. Àjọ àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn ni ìwé wà, àwọn ló sì ń sọ iye tí àjọ rẹ tó lọ́jọ́ tó o bá wá gbà á. Delta ti yọ àtẹ tó ń sọ iye máìlì tí ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan ń gbà kúrò láti 2015. United ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019. Látìgbà náà, iye tó o bá rí láàárọ̀ lè má jẹ́ iye tí wàá bá nírọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì ní máìlì àwọn kì í kú, òótọ́ sì ni. Kì í kú, àmọ́ ó ń rù. Máìlì tí ì bá gbé èèyàn méjì dé Èkó nígbà kan, ẹnì kan ló ń gbé báyìí, nígbà míì kò tiẹ̀ gbé ẹnì kan. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ ń wo ọ̀rá tó ń yọ́ lóòrùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ káàdì rárá. Ó ní, "Àbúrò mi, gbèsè ni. Sá fún un." Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Èlé kírẹ́díìtì káàdì ní Amẹ́ríkà ti lé ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Tó o bá ná 100 dọ́là, póíǹtì tó o máa rí lórí rẹ̀ kò sábà ju dọ́là kan tàbí méjì lọ. Ẹni tó bá ń gbé gbèsè káàdì láti oṣù dé oṣù, kó gbàgbé ọ̀rọ̀ póíǹtì ná, kó kọ́kọ́ san gbèsè yẹn tán. Ilé wa ní òfin kan: ohun tí a bá fẹ́ fi owó wa rà tẹ́lẹ̀ nìkan la ń fi káàdì rà, ọjọ́ tí bíìlì bá dé la ń san gbogbo rẹ̀. Oṣù tí iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ dín kù, a kó káàdì méjèèjì sínú àpótí aṣọ, a ò mú un jáde fún oṣù mẹ́rin.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni a tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Mo gba káàdì báǹkì Chase kan tí wọ́n ń pè ní Sapphire Preferred, wọ́n sì fún mi ní 60,000 póíǹtì lẹ́yìn tí mo ná 4,000 dọ́là láàárín oṣù 3. Ó dà bí owó ńlá létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ ní déékíà, ìyẹn ilé ìtọ́jú ọmọ, ní Maryland níbí mọ̀ pé owó náà kì í pẹ́ lọ. Déékíà wa ń gba káàdì láì fi owó kankan lé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ owó wa ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrẹsì, òróró àti ẹran láti ilé-ìtajà ńlá Costco. Wọn kì í gba kírẹ́díìtì káàdì tí kì í bá ṣe Visa níbẹ̀, Visa sì ni káàdì yìí. Nígbà tí tèmi parí, mo fi líǹkì ránṣẹ́ sí bàbá àwọn ọmọ, òun náà gba tirẹ̀. Báǹkì fún un ní ẹ̀bùn tirẹ̀, wọ́n sì fún èmi náà ní díẹ̀ torí pé èmi ni mo pè é wá. Ẹ má ṣe méjèèjì papọ̀ lóṣù kan náà o. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohun tí ẹ ò nílò kí iye tí wọ́n dá lè pé, ibẹ̀ ni gbèsè ti ń wọlé.

Mo ṣe àṣìṣe kan tó ṣì ń dùn mí. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìjókòó mẹ́rin sí Èkó lórí áàpù ilé-iṣẹ́ kan. Inú mi dùn débi pé mo kó 60,000 póíǹtì lọ sọ́dọ̀ wọn lójú ẹsẹ̀ láti fi kún èyí tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà kó tó dé. Ìgbà tó fi máa dé, ìjókòó ẹyọ kan ló kù. Mo pè wọ́n, ọmọbìnrin tó gbé fóònù bá mi kẹ́dùn gan-an ni, ṣùgbọ́n póíǹtì tó bá ti kúrò ní báǹkì kì í padà síbẹ̀ mọ́. Ó wà lọ́dọ̀ wọn di òní. Báyìí, n kì í kó póíǹtì lọ síbì kankan àfi tí mo bá ti pe ilé-iṣẹ́ náà, tí èèyàn ẹlẹ́ran ara sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé iye ìjókòó tí mo fẹ́ wà lóòótọ́, lọ́jọ́ tí mo fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré ló yẹ kí n tẹnu mọ́, torí òun ló ń da gbogbo ètò yìí rú mọ́ èèyàn lójú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè jókòó lórí itan. Tí ẹ bá fi owó ra tíkẹ́ẹ̀tì, 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó àgbà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gbà lórí rẹ̀ fún ìrìn-àjò òkè òkun. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà ni ti máìlì. British Airways á gba 10 nínú ọgọ́rùn-ún Avios (orúkọ máìlì tiwọn) tí àgbà san, kò burú. United ní tirẹ̀ á gba 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó gidi tí tíkẹ́ẹ̀tì náà ì bá jẹ́. Tí àgbà bá wà ní ìjókòó ọlọ́lá (bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì), ìdá mẹ́wàá yẹn lè fọ́ èèyàn létí. Ọjọ́ tí ọmọ bá sì pé ọdún méjì, ìjókòó tirẹ̀ di dandan. Kódà kó jẹ́ pé àárín ìrìn-àjò ló pé e, yóò nílò rẹ̀ nígbà àbọ̀. Nígbà tí à ń ṣètò ìrìn-àjò wa, àbíkẹ́yìn wa máa pé ọdún méjì ní oṣù Kejì tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi yan oṣù Kọkànlá, kí owó Kérésìmesì tó gbé tíkẹ́ẹ̀tì sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ inú wọn pàdánù ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni fún ìyẹn.

Flying Blue, ìyẹn máìlì Air France àti KLM, ni a lò nígbẹ̀yìn. Wọ́n ń dín 25 nínú ọgọ́rùn-ún kù lórí máìlì ọmọ ọdún 2 sí 11, méjì nínú àwọn ọmọ wa sì bọ́ sí àárín yẹn. Báǹkì a sì máa fi 20 tàbí 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún póíǹtì téèyàn bá kó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a dúró de ìgbà náà. Máìlì tí a san jẹ́ bí 240,000, láti Dulles lọ sí Paris, láti Paris sí Èkó, àlọ àti àbọ̀. Owó orí àti owó tí wọ́n kó lé e lórí lé ní 1,000 dọ́là fún gbogbo wa. Ọ̀pọ̀ owó ni, ṣùgbọ́n ká ní owó ni a fi ra gbogbo rẹ̀ ni, 6,000 kò ní tó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ rántí pé ìjọba kì í gba owó orí èèrò òfurufú lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 tó bá wà ní ìjókòó lásán (ìkónọ́mì), àti pé ẹni méje nínú ilé kan lè da Avios wọn pọ̀ sójú kan. Ẹ má jẹ́ kí ti ọmọ wà lọ́tọ̀.

Àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ póíǹtì lórí YouTube, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Tokyo, Maldives àti ìjókòó tó ń di ibùsùn ni wọ́n ń sọ ṣáá. Wọ́n á ní ẹni tó bá fi póíǹtì gba ìjókòó lásán ti fi ṣòfò. Mo gbà wọ́n gbọ́ fún ọdún méjì tí mo fi ń tọ́jú 90,000 yẹn. Kò sí nínú ìṣirò wọn iye tí ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú ìyá àgbà tó lé ní ọdún 70 tó. Máìlì tó ń gbé ẹnì kan lọ ní ìjókòó ọlọ́lá lè gbé ẹni mẹ́ta lọ ní ìjókòó lásán lẹ́yìn. Lójú tèmi, òbí tó bá ní ọmọ mẹ́ta, ẹ̀yìn ni kó lọ.

Mi ò ní purọ́, òru yẹn gùn. Àbíkẹ́yìn ti tóbi ju ibùsùn kékeré tí wọ́n ń kọ́ sára ògiri iwájú lọ. Mo pọ̀n ọ́n, mo fi ìró mi dì í, mo ń rìn síwá-sẹ́yìn láàárín ìjókòó tí àwọn èèyàn ń sùn. Láti Paris sí Èkó, bàbá àgbà kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó ní, "Ìyá ọmọ, gbé e wá kí o jẹun." Mo gbé e fún wọn. Ọmọ náà sùn sáyà wọn títí tí bàálù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ sí Ìkẹjà. Bàbá náà ò mira.

Nígbà tí a dé Ìkirè, màmá mi ti wà lẹ́nu géètì. Kò kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ àkọ́bí mi ló lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká apá aṣọ ọmọ náà sókè, ó ń fi ọwọ́ wá ìgúnwọ́ rẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wá. Àpá ni. Ọmọ náà ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ṣáájú, mo sì ti fi ojú ọgbẹ́ náà han màmá lórí WhatsApp. Wọ́n rí àpá náà, wọ́n fi àtàǹpàkò rọra fọwọ́ pa á, wọ́n ní, "Ó ti jinná, Àdùkẹ́. Ó ti jinná." Ọmọ mi, tí kì í jẹ́ kí àlejò sún mọ́ ọn, fi orí lé màmá léjìká. Èyí àárín ti rí dòdò Ìkirè nínú ewé lórí tábìlì, ó ti bù ú sẹ́nu. Ata ta á, ó bú sẹ́kún, ó tún na ọwọ́ sí òmíràn.

Mo wo àga bàbá mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò jókòó lórí rẹ̀.

Póíǹtì tó wà nínú àkáǹtì mi lónìí jẹ́ 31,000. Àbíkẹ́yìn ti pé ọdún méjì, ìjókòó márùn-ún la nílò báyìí, bóyá a ó fi máìlì gba mẹ́ta, ká fi owó ra méjì. A ò ní dúró kó pé. Màmá pè láàárọ̀ àná, wọ́n ní, "Oṣù wo lẹ ń bọ̀?" Mo ní oṣù Kọkànlá ni. Wọ́n ní kí n mú bàtà àwọn ọmọ tí kò bá gbà wọ́n mọ́ bọ̀, wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n máa fún.