Ọmọ kì í dàgbà bá ìbọn: ọ̀rọ̀ lórí ìbọn ìdíje tí a ń rà fún ọmọdé

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kétu, àbúrò mi tí ń gbé ilẹ̀ Faransé pè mí láti béèrè irú ìbọn tí òun lè rà fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 11, tí ó ti ń kọ́ ìyìnbọn ìdíje fún ọdún méjì. Kí n tó dá a lóhùn, ẹ̀gbọ́n kan tí ó jókòó tì mí ti gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó ní: “Ra èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn, tí ó sì wúwo dáadáa, ti àgbà gan-an. Ọmọ á dàgbà bá a.” Gbogbo ẹni tó wà nítòsí mi orí sí i. N kò fẹ́ bá ẹni tó jù mí lọ jiyàn níwájú àlejò, mo sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá, nítorí pé fún ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní pápá ìyìnbọn kan nílẹ̀ Faransé kí n tó padà wálé, mo rí iye ọmọ tí ó ṣì lọ́nà.

Ìbọn tí a ń sọ yìí kì í ṣe ìbọn ọdẹ. Ìbọn kékeré ni, tí ihò ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5.6, tí ọta rẹ̀ kò wúwo ju bíi gíráàmù 2.6 lọ, tí a sì fi ń yìn lu àmì láti mítà 50. Àárín àmì náà, èyí tí í fún ayìnbọn ní máàkì 10, fẹ̀ ní mìlímítà 10.4 péré, bí ẹ bá gbé owó fránkì 5 lé e, yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ti ọ̀pá gígùn, èrò wọn ni pé yóò mú kí ọta yára sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù inú ọta kékeré yìí kò pọ̀, ó sì ń yára jó. Kí ọta tó rin bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50 nínú ọ̀pá, ẹ̀tù ti jó tán, ohun tó kù tí ó lè tì í kò tó nǹkan mọ́, ara ọ̀pá sì ni yóò máa fà á sẹ́yìn láti ibẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá eré fún un. Ọta ìdíje ń sáré bíi mítà 320 sí 330 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó má baà yára ju ohùn lọ, nítorí pé ọta tí ó bá kọ́kọ́ yára ju ohùn, tí eré rẹ̀ wá ń dínkù lójú ọ̀nà, lè máa gbọ̀n kí ó tó dé ibi àmì. Ìbọn ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa ni ọ̀pá gígùn wúlò fún, torí ẹ̀tù dúdú kì í yára jó bẹ́ẹ̀. Ìbọn mìíràn nìyẹn.

Ìwúwo ìbọn àti gígùn ìdí rẹ̀, ibi tí a ń fi ti èjìká, ni ó ń ba ọmọ jẹ́ jù. Wọn a máa sọ pé ìbọn tó wúwo kì í mì. Lọ́wọ́ àgbà, òótọ́ ni, nítorí pé bí àgbà bá dúró yìnbọn, ìgúnpá rẹ̀ máa ń wà lórí egungun ìbàdí, egungun ni ó sì ń gbé ẹrù náà kì í ṣe iṣan. Ọmọ ọdún 11 tí ó wọn kílò 35, tí a gbé ìbọn kílò 6 lé lọ́wọ́, dà bí àgbà oníkílò 75 tí ó gbé bíi kílò 13. Yóò tẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn kí ó má baà ṣubú síwájú, ìbàdí rẹ̀ yóò wọ́, iṣan yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí ó tó yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ní ọdún 2024, nígbà tí Ban Hyo-jin, ọmọ Kòríà Gúúsù tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà Òlíńpíìkì ní Châteauroux, ìbọn afẹ́fẹ́ tí òfin kò gbà kí ó ju kílò 5.5 lọ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ọmọ ọdún 11 fẹ́ fi kílò 6 ṣe?

Ọmọkùnrin kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ọmọ ọdún 11 lòun náà, bàbá rẹ̀ sì ra ìbọn àgbà fún un lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó ní yóò tó o lò fún ọdún mẹ́wàá. Mo kúnlẹ̀ tì í níbi tí ó dojúbolẹ̀ sí. Ìdí ìbọn kò wọ kòtò èjìká rẹ̀ rárá, orí apá ni ó gúnlẹ̀ sí. Ó na ọrùn títí iṣan fi yọ, síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò dúró lórí igi, ó ń ṣí kúrò ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ fà. Mo bi í léèrè ohun tí ó ń rí nínú ihò tí a ń gbà wo àmì, ó sì fi ìka ya á sórí ilẹ̀ fún mi: òkùnkùn kan tí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun ní ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Ojú rẹ̀ kò sí láàárín nìyẹn. Nínú ọta mẹ́wàá, méje wà lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún, ọ̀kan kò tilẹ̀ kan pátákó. A wá mú ìbọn kékeré pápá náà, tí kò tó kílò 4, a yọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kúrò ní ìdí rẹ̀ kí ó lè kúrú, a sì fún un ní ọta kan náà. Nígbà tí a lọ wo bébà rẹ̀, ẹnu ife kan lè bo gbogbo ihò mẹ́wàá. Ọjọ́ kan náà ni, ọmọ kan náà ni, kò sì tíì dàgbà ju ti àárọ̀ lọ.

Àwọn kan ń sọ ọ̀rọ̀ owó, pé ọmọ ń dàgbà kíákíá. Ìdí ìbọn ni ó yẹ kí ó lè dàgbà. Àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì bíi Anschütz, Walther àti Feinwerkbau ń ṣe èyí tí a lè fà gùn tàbí tì kúrú, tí a sì lè gbé ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè; ìdí ìbọn tó ṣeé yí padà ni yóò bá méjèèjì mu. Kí òbí sì kọ́kọ́ mọ ojú tí ọmọ fi ń wo àmì, torí pé ọmọ tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun lè jẹ́ ẹni tí ojú òsì rẹ̀ lágbára jù.

N kò ní kí n sọ pé kò sí ọmọ ọdún 14 tó síngbọnlẹ̀ tí ìbọn àgbà bá lára mu. Mo ti rí ọ̀kan tàbí méjì.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà, mo pe àbúrò mi padà. Mo ní kí ọmọ náà ká apá rẹ̀, kí wọ́n fi ìdí ìbọn kan ní pápá wọn gún inú ìgúnpá rẹ̀, kí wọ́n sì wọn ibẹ̀ títí dé ibi tí ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ lè dé irin tí a ń fà láìtiraka. Ìbọn tí ẹ̀gbọ́n wa ní kí wọ́n rà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 34 níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ọmọ náà dúró pẹ̀lú apá kíká, okùn ìwọ̀n sì wà lára rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 27.